Àtẹ́lẹwọ́ Àkọ́bí

Mò ń pààrọ̀ omi ẹja lọ́wọ́ nígbà tí àtùpà ẹnu ọ̀nà wa yí padà. Ọwọ́ mi wà nínú ọpọ́n dé ìgbọ̀nwọ́, ni mo gbọ́ tí obìnrin tó múlé tì wá ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé bí ẹni tí òjò ká aṣọ mọ́ níta. Mo gbójú sókè. Láti ọjọ́ tí ìjọba ti kàn án mọ́ ògiri ilé Adésọkàn, bàbá wa, àwọ̀ ewé ni àtùpà náà ń tàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà ó ti di àwọ̀ ìyeyè.

Obìnrin yìí ní àga kan tó máa ń gbé ti ògiri wa láràárọ̀, kó lè máa bá mi sọ̀rọ̀ títí n ó fi fún un ní orí ẹja. Ó gbé àga náà kúrò, ó nu ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbé e wọlé, kò sì kí mi. Orí ẹja mi ló fi sanra.

Mo dúró síbẹ̀, mò ń ro ẹni tó lè máa ṣàìsàn nínú wa. N kò tíì ronú jìnnà nígbà tí ọkọ̀ kan wa ara rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, Ìbíyẹmí àbúrò mi obìnrin sọ̀kalẹ̀. Irun rẹ̀ tutù, ọṣẹ ṣì wà létí rẹ̀, aṣọ ìnura wà léjìká rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpótí kan. Ṣówándé ọkọ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ náà. Kò sọ̀kalẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n," ó wí láti inú ọkọ̀. "Ẹ má bínú. Ẹ mọ bí òfin ṣe rí."

Mo bi í pé òfin wo. Ó wá ṣàlàyé fún mi, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń ṣàròyé pé ọjà jìnnà. Dígí ilé ìwẹ̀ ló rí jẹjẹrẹ nínú ọyàn òsì Ìbíyẹmí bó ṣe ń wẹ̀ lọ́wọ́. Kí dígí tó sọ fún ẹni tó ni ọyàn, ó ti sọ fún ọkọ, ó sì bi í bóyá yóò di aya rẹ̀ mú tàbí yóò yọwọ́. Ṣówándé ní òun ro ti àwọn ọmọ. Ó tún un sọ pé àwọn ọmọ ni òun rò. Obìnrin náà kò tíì da omi tó kù nínú korobá sára tí ọkọ rẹ̀ fi yọwọ́. Nígbà tí ọkọ bá sì ti yọwọ́, ilé bàbá obìnrin ni àmì àìsàn rẹ̀ ń padà sí.

"Ìyàwó rẹ nìyẹn," mo wí fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ ló bi mí ní ìbéèrè. Mo kàn dáhùn ni."

Kí ìlẹ̀kùn ọkọ̀ tó padé, mo rí i tó fa aṣọ funfun kan yọ nínú àpò, ó sì fi ń nu ibi tí ìyàwó rẹ̀ jókòó sí. Ó nu ibẹ̀ dáadáa, ó nu ibi tó fẹ̀yìn tì, ó nu ibi tó gbé apá lé. Itọ́ kún mi lẹ́nu. Ọkọ̀ ti lọ kí n tó rí ibi tí n ó tu ú sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́: èmi àti Ìbíyẹmí kì í bá ara wa sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí a sin bàbá wa, èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí ló yẹ kí n da erùpẹ̀ àkọ́kọ́ sí i. Àwọn aṣọ́bodè dá ọkọ̀ ojú omi wa dúró lórí agbami tó bo ìlú Èkó, wọ́n ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n dúró dè mí. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti bo sàréè. Ìbíyẹmí ló da erùpẹ̀. Ó ní oòrùn mú jù fún àwọn àgbàlagbà. Oòrùn! Láti ìgbà náà, bí a bá pàdé lójú àgbà, a ó kí ara wa, ó tán. N kò gbàgbé, n kò sì ní í gbàgbé.

Síbẹ̀ mo gba àpótí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wúwo.

Kò tíì jókòó tí àwọn arọ́pò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ní Òkè-Ìgbàlà wa yìí, tí wọ́n tẹ̀ dó fún àwọn tí òkun lé kúrò nílé, kò sẹ́ni tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ kí aláìsàn mọ́. Arọ́pò ni wọ́n ń rán. Kò tóbi ju ẹyẹlé lọ, ó ní ìyẹ́ tó ń kùn bí eṣinṣin, ó sì ní gíláàsì pẹlẹbẹ kan tí ojú ẹni tó rán an máa ń hàn nínú rẹ̀. Wọ́n bà sórí ìlà aṣọ wa, wọ́n tò bí ẹyẹ.

Ti Mosúnmọ́lá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mosúnmọ́lá àti àbúrò mi jọ dàgbà ni. Wọ́n jọ ń dirí, wọ́n jọ lọ sílé ọkọ nínú ọdún kan náà, wọ́n sì jọ bímọ. Nígbà tí Mosúnmọ́lá bí àkọ́bí rẹ̀ tí omi ọyàn rẹ̀ kọ̀ tí kò wá, Ìbíyẹmí ló ń gbé ọmọ náà sí ọyàn kan, tó ń gbé tirẹ̀ sí èkejì. Ọmọ náà ti di ọkùnrin báyìí, ó sì ga jù mí lọ.

"Ọ̀rẹ́ mi àtàtà," arọ́pò náà wí, "ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí wọnú egungun. Olúwa yóò fi ọwọ́ ìwòsàn tọ́ ọ."

Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí obìnrin mìíràn rán, gba ọ̀rọ̀ kan náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi kan náà ni wọ́n ti lọ mú àdúrà wọn.

Ìbíyẹmí wo ti Mosúnmọ́lá lójú. "Níbo ni Mosúnmọ́lá wà?"

"Èmi nìyí, ọ̀rẹ́ mi."

"Mo ní níbo ló wà. Níbo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà?"

Ojú inú gíláàsì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rọ náà tún ní, "Ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí wọnú egungun."

Mo mú àwọ̀n ẹja, mo fi kó o lórí ìlà aṣọ, mo tì í bọ inú ọpọ́n. Kò kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń ṣàdúrà lábẹ́ omi, àdúrà náà ń hó sókè, àwọn ẹja àrọ̀ sì ń fi irùngbọ̀n wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbíyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Àwọn arọ́pò yòókù dìde lórí ìlà aṣọ, wọ́n wá ọ̀nà lọ.

Nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí, Gbádégẹṣin dé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ará ilé. Gbádégẹṣin ni àbíkẹ́yìn wa. Òun ló máa ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ fún ìdílé, nítorí pé ó ní sùúrù fún ìsọkúsọ. Wọ́n tẹ́ ẹní sí àgbàlá, wọ́n jókòó sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, kí èémí Ìbíyẹmí má baà fẹ́ sí wọn. Jẹjẹrẹ kì í ràn. Ọmọ tó ń rákò ní Òkè-Ìgbàlà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó Gbádégẹṣin náà mọ̀ ọ́n, nọ́ọ̀sì ni ìyá tó bí i. Síbẹ̀ ó fi ọ̀rá mú ife tí àbúrò mi fi mu omi, ó gbé e jìnnà sí ara bí ẹni gbé òkú eku, ó sì jù ú sínú eérú. Lẹ́yìn náà ó bu omi sínú ife mìíràn, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. Mo da omi náà sílẹ̀ lójú rẹ̀.

Gbádégẹṣin sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní dókítà ti bá Ìbíyẹmí sọ̀rọ̀ láti inú dígí. Jẹjẹrẹ náà kéré, wọ́n lè gé e, wọ́n lè fún un ní oògùn, yóò sì yè. Mo ní ìyẹn dára. Ó ní kò dára tó bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn kì í ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò ní ará ilé tó dúró fún un, bẹ́ẹ̀ ìdílé tó bá ní ẹni tó dúró yóò máa gbé àmì náà ni. Àtùpà yóò wà ní àwọ̀ ìyeyè. Òpó Olùwádìí tó wà ní ìkòríta yóò sì máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè pé jẹjẹrẹ wà nílé Adésọkàn.

Mo mọ̀ nípa ìwádìí. Ìyá àgbà wa ṣe é nígbà ayé rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fọ́mọ fọ́kọ, wọ́n á lọ bá àwọn aládùúgbò jókòó, wọ́n á máa fọgbọ́n béèrè bóyá wárápá wà níbẹ̀, bóyá ẹnìkan ti ya wèrè rí. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, àwọn aládùúgbò mìíràn á sì fi àánú purọ́, ọmọ á rílé ọkọ lọ. Olùwádìí kì í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ariwo ló ń pa láàárín ọjà, kò sì mọ àánú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn àna ń bọ̀ wá mọ Ọmọ́yẹni, ọmọbìnrin mi, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún mi. Gbádégẹṣin ní wọ́n ti rí àtùpà. Wọ́n ti béèrè. Ọ̀nà kan ló wà: kí a gé ẹ̀ka Ìbíyẹmí kúrò lára ìdílé. Bí a bá gé e, kì í ṣe ará ilé ẹnikẹ́ni mọ́, àmì rẹ̀ kò sì kàn wá. Àtẹ́lẹwọ́ àkọ́bí nìkan, tó bá tẹ̀ ẹ́ sórí pátákó ìjọba, ló lè gé e. Ó ní òṣìṣẹ́ ìjọba ti wà lọ́nà.

"Ta ló pè é?" mo béèrè.

"Èmi ni, bọ̀dá. Mo ti sọ fún àwọn àna pé ẹ ti gbà."

"Ìgbà wo ni mo gbà?"

Ó wo àwọn tó kù, ó wo ilẹ̀. "Bọ̀dá, gbogbo ayé ló mọ̀ pé ẹ̀yin àti Ìbíyẹmí kì í rí ara yín sójú. Mo rò pé kò ní ni yín lára."

Àwọn tó kù mi orí. Ìyàwó rẹ̀ tilẹ̀ ní Ọlọ́run mọ ohun tó ń ṣe, tí kò jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ jù. Mo wo gbogbo wọn. Ìbínú tí mo ti fi ọwọ́ ara mi tọ́jú láti ọjọ́ ìsìnkú bàbá mi, tí n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi pín nínú rẹ̀, wọ́n ti gbé e sórí iná láìbéèrè, wọ́n fẹ́ fi se ọbẹ̀ jẹ. Mo dìde, mo padà sídìí ẹja mi.

Ọmọ́yẹni ló tẹ̀lé mi. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó tutù lẹ́bàá ọpọ́n, ojú rẹ̀ ti wú. Mo ní kó dìde, pé omi ẹja á ba aṣọ rẹ̀ jẹ́. Kò dìde. Ó ní òun fẹ́ràn Ìbíyẹmí, pé òun mọ̀ pé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe burú, àmọ́ pé bí àtùpà bá wà bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ òun, bí òun bá sì bí ọmọbìnrin, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ ìyẹn náà.

"Ọmọkùnrin tó ní òun fẹ́ ọ ńkọ́?" mo bi í. "Kí lòun wí?"

"Ó ní òun ń dúró de ohun tí àtùpà bá wí."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ burúkú. Mo wo ojú ọmọ mi, mo gbé e mì. Kì í ṣe ìkà. Ọmọ tó fẹ́ lọ sílé ọkọ ni, inú ayé tí a bí i sí ló sì ti fẹ́ lọ. Bí n kò bá tẹ pátákó náà, mo ti ba ti ọmọ mi jẹ́. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, mo ti pa ọmọ ìyá mi. Mo da oúnjẹ sílẹ̀ fún ẹja tó ti jẹun tán, mo tún da òmíràn.

Nígbà tó yá mo lọ sí yàrá bàbá wa. Ibẹ̀ ni Ìbíyẹmí wà, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan tẹ ọyàn òsì mọ́ra bí ẹni tó di ẹyẹ mú.

"Wọ́n ti ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́," ó wí.

"Wọ́n ti ní."

"Ẹ ó tẹ̀ ẹ́?"

"Ìwọ lo da erùpẹ̀ bàbá mi."

Ó mí kanlẹ̀. "Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ ọ́. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà."

"Wọ́n lè dúró."

"Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ti ń dákú lọ lórí ìdúró. Bó bá jẹ́ òní ni, n ó tún dà á."

Mo wò ó. Ikú ló jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ọwọ́ mi ni ẹ̀mí rẹ̀ wà, síbẹ̀ kò bẹ̀ mí. Ọmọ bàbá mi ni lóòótọ́. Nínú gbogbo àwọn tó wà lórí ẹní lóde, kò sí ọ̀kan tó jọ bàbá wa tó bẹ́ẹ̀. Mo bi í bóyá ó ń dùn ún. Ó ní kò dùn ún rárá, pé ohun tó ń dun òun ni pé dígí ilé òun mọ̀ kí òun tó mọ̀, ọkọ òun mọ̀ kí òun tó mọ̀, aládùúgbò wa náà mọ̀. Òun ló wà nínú ara náà, òun ni wọ́n sọ fún gbẹ̀yìn.

Ó yí ojú sí ògiri. "Mi ò ní í bẹ̀ yín, bọ̀dá. Àmọ́ mi ò fẹ́ kú."

Òṣìṣẹ́ ìjọba náà dé nígbà tí oòrùn ti ń rọlẹ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó ń jẹ ẹ̀pà láti inú àpò aṣọ rẹ̀. Ó gbé pátákó dúdú kan kalẹ̀ sórí ẹní, ó fi ọwọ́ gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lórí rẹ̀. Gbogbo ilé pagbo. Ìbíyẹmí dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò sẹ́ni tó dúró tì í.

"Ẹ̀yin ni Látúnjí, àkọ́bí Adésọkàn?" obìnrin náà bi mí. "Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e. Ẹ pe orúkọ ẹ̀ka tí ẹ fẹ́ gé."

Mo gbé ọwọ́ lé e. Ó tutù bí ikùn ẹja. Mo bi í bóyá ẹ̀ka kan ṣoṣo ni mo lè gé.

"Iye tó bá wù yín, bàbá. Ẹ̀yin ni àkọ́bí."

Agbo náà kò ronú kan ìyẹn. Ìyàwó Gbádégẹṣin rọra bọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀, bí ẹni pé pátákó náà ní ojú. Mo wo Gbádégẹṣin, mo wo ẹnu rẹ̀ tó ti sọ pé mo gbà. Mo lè pe orúkọ rẹ̀. Mo lè pe gbogbo wọn tán kí oòrùn tó wọ̀, kí wọ́n gbé ẹní wọn kúrò nílé bàbá mi. N kò ní í purọ́, ó wù mí. Mo jẹ́ kí ẹ̀rù náà bà wọ́n fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé ó tọ́ sí wọn. Ojú Ọmọ́yẹni ni mo rí nínú wọn, mo sì fi wọ́n sílẹ̀.

"Ìbíyẹmí," mo wí.

Pátákó náà mì. Gbádégẹṣin tú èémí sílẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, àbúrò mi kò mira.

"Àti Látúnjí," mo wí.

Òṣìṣẹ́ náà dá ẹ̀pà dúró lẹ́nu. Ó ní òun kò gbọ́ mi dáadáa. Mo tún un wí. Mo ní èmi ni Látúnjí, pé kí ó gé wa pa pọ̀ sí ẹ̀ka kan, kí àwa méjèèjì jẹ́ ilé tiwa, kí n lè dúró fún un. Ó ní òfin gbà á, òun kàn kò rí ẹni tó ṣe é rí ni. Gbádégẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká rò ó, bọ̀dá, kò tó báyìí. Mo ní kó panu mọ́.

"Ó ku nǹkan kan," obìnrin náà wí. "Ọmọ yín yóò bá yín lọ, àfi bó bá fi àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ sọ pé òun dúró."

Gbogbo ojú lọ sí Ọmọ́yẹni. Ó jáde síwájú, ó wo pátákó, ó wò mí. Ó bi òṣìṣẹ́ náà pé bí òun bá dúró, ṣé wọ́n á ṣì máa pè mí ní bàbá òun.

"Nínú ilé, ẹ lè pe ara yín bí ó bá ṣe wù yín. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àbúrò wọn ni yóò jókòó síbi ti bàbá."

Gbádégẹṣin tún fìlà rẹ̀ ṣe. N kò rò pé ó mọ̀ pé òun ṣe é. Ọwọ́ kàn lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó fa fìlà náà sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí wọ́n ti ń ya àwòrán rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà, ìyẹn ló kó mi nírìíra jù.

"Bàbá mi," Ọmọ́yẹni wí.

"Tẹ̀ ẹ́," mo wí fún un.

"Ẹ ó bínú sí mi."

"N ó bínú sí ọ. Tẹ̀ ẹ́, kí o lọ sílé ọkọ rẹ."

Ó tẹ̀ ẹ́. Mo gbójú kúrò kí n má baà rí ọwọ́ rẹ̀. Àtùpà ẹnu ọ̀nà padà sí àwọ̀ ewé, àwọn obìnrin sì pàtẹ́wọ́, ẹnìkan dá orin ọpẹ́. Èmi ti wọ yàrá lọ gbé àpótí Ìbíyẹmí. Bí a ṣe ń kọjá lára wọn, ìyàwó Gbádégẹṣin tẹ̀lé mi dé ibi àwọn ọpọ́n, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bóyá àwọn ẹja yẹn yóò wà nílẹ̀ fún àwọn àna. Mo tu itọ́ tó ti wà lẹ́nu mi láti àárọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó bọ́ sí.

Ẹsẹ̀ ni a fi rin òkè dé ilé ìwòsàn, nítorí pé ọkọ̀ kì í gbé ẹni tó láàmì lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn rí ọwọ́ mi, ibi tí pátákó ti fi àwọ̀ ìyeyè sí i ní àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń bọ́ sí òdìkejì títì. Ẹnìkan tí mo ta ẹja fún rí ṣe bí ẹni tí okùn bàtà rẹ̀ tú. Bàtà tí kò ní okùn ló wọ̀.

Ìlẹ̀kùn ilé ìwòsàn ga, kò sì ní ibi ìdìmú. Ohùn kan ti inú rẹ̀ wá. "Ẹ káàbọ̀. Ilé wo?"

A wo ara wa. A kò tíì ronú kan an.

"Ilé Látúnjí," mo wí.

"Kí ló dé tó fi máa jẹ́ ilé Látúnjí?" Ìbíyẹmí béèrè. "Ta ló ń ṣàìsàn?"

"Èmi ni àkọ́bí."

"Àkọ́bí ilé wo, bọ̀dá? Ẹ ti gé e."

Ọ̀rọ̀ náà bá mi láyà. Òótọ́ ni, n kì í ṣe àkọ́bí ẹnikẹ́ni mọ́, n kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni lójú òfin, àwọn ẹja mi pàápàá ti di ti Gbádégẹṣin. Ìlẹ̀kùn náà tún béèrè pé ilé wo. Ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn wa, tó gbé ìyá rẹ̀ sẹ́yìn, bẹ̀ wá pé kí a jọ̀ọ́, kí a lọ jà níbòmíràn.

"Ilé Ìbíyẹmí," mo wí fún ìlẹ̀kùn.

Àbúrò mi wò mí bí ẹni tó ń wá ibi tí ẹ̀tàn wà. "Bí mo bá kú ńkọ́? Ẹ ó máa gbé inú ilé òkú?"

"N ó máa gbé ibẹ̀, n ó sì máa bá ọ jà lọ."

Ìlẹ̀kùn náà gba orúkọ náà, ó ṣí. Nọ́ọ̀sì kan jáde wá, ènìyàn gidi, ó rẹ̀ ẹ́, ó di ọwọ́ Ìbíyẹmí mú láìwọ ìbọ̀wọ́. Ó ní kí n dúró níta, pé ó lè pẹ́. Ìbíyẹmí tú gèlè orí rẹ̀, ó yọ yẹtí, ó dì í sínú gèlè, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́. Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀. Wọ́n ti ń mú un lọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tó dúró, tó yí ojú padà.

"Ẹ má lọ o," ó wí.

"Níbo ni kí n lọ?" mo dá a lóhùn.